Orúkọ Ajá

Wọ́n ní orúkọ a máa ro ọmọ.
Ẹ wá wo ajá méjì nílé mi ní Ẹ̀fọ̀n,
kí ẹ lọ tún òwe yẹn pa.

Dúdú ni mo sọ ní Kòkànmí.
Kò sí ohun tí kò kàn án.
Kí ìkúùkù tó ká kúrò lórí òkè,
ó ti yí ilé po lẹ́ẹ̀mẹta,
ó ti bá ewúrẹ́ Ìyá Adéọtí ṣẹjọ́,
ó ti bi ọlọ́kadà léèrè ẹni tó gbé,
ó ti sọ fún aago ṣọ́ọ̀ṣì pé ó tó gẹ́ẹ́.
Ewé àgbálùmọ̀ kan já,
ó dìde, ó fẹ́ mọ ẹni tó rán an.

Pupa ni mo sọ ní Ṣọ́ra.
Olè wọlé lóṣù Ọ̀wàrà, ó gbé áyọ́ọ̀nù mi.
Ṣọ́ra sìn ín dé ẹnu géètì,
ó ju ìrù fún un, ó padà wá sùn.
Abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ni ibùsùn rẹ̀,
lórí àjákù ańkárá;
bí mo ti ń fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ,
etí rẹ̀ á máa mì bí ewé kókò.
Bí a bá ń gúnyán, a la ojú kan.
Ojú kejì, ó fi pamọ́ de ọbẹ̀.

N kò ṣèèṣì sọ wọ́n lórúkọ.
Omi gọ́tà ló dá a sílẹ̀,
omi gọ́tà tó ṣàn láti ẹ̀yìnkùlé mi
lọ jẹ ẹsẹ̀ ògiri Bàbá Fámùwàgún.
Ó wí tirẹ̀, mo wí tèmi,
àwọn àgbà dá sí i, ó wá burú sí i.
Ọdún kẹrin rè é tí a kò kí ara wa.
Mo ra ajá, mo fi ń sọ̀rọ̀:
láàárọ̀, "Kòkànmí!" kí ìyàwó rẹ̀ lè gbọ́;
lálẹ́, "Ṣọ́ra o!" kí òun náà gbọ́.
Ajá ń jẹ́ mi lóhùn,
ọ̀rọ̀ ń dé ibi tí mo rán an.

Ìjà náà yé Kòkànmí yékéyéké.
Ó dúró sí etí gọ́tà bí aṣọ́bodè;
adìyẹ Fámùwàgún kò gbọdọ̀ mumi níbẹ̀.
Ṣùgbọ́n Ṣọ́ra...
Oṣù tó kọjá ni mo ṣàkíyèsí
pé kì í jẹ oúnjẹ alẹ́ mọ́, ó sì ń sanra.
Epo ń dán létí ẹnu rẹ̀,
epo tí n kò rà.
Mo tẹ̀ba, mo gbóòórùn ẹnu ajá,
èmi àgbàlagbà.
Ọbẹ̀ ìsápá ni.
Obìnrin kan ṣoṣo ló ń sè é bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò wa,
mo sì ti jẹ ẹ́ rí, nígbà tí a ṣì ń jẹun pọ̀.

Lánàá, òjò ṣú láti apá òkè.
Àrá sán ẹ̀ẹ̀kan péré,
Kòkànmí, aṣọ́bodè, já wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi,
ó ń gbọ̀n, ó ń wá ẹ̀gbẹ́ ẹnìkejì rẹ̀ tì.
Kò bá a.
Mo fi ìborùn borí, mo bọ́ síta,
mo ké: "Ṣọ́ra! Ṣọ́ra o!"
Ohùn mi lọ kọlu ògiri yẹn, ó padà bá mi.
Ìhàlẹ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí mo ti rán an fún ọdún mẹ́rin.
Ojú tì mí. Mo dẹ ohùn, mo tún pè é.

Fèrèsé ṣí.
"Ó wà ní ulé wa," Bàbá Fámùwàgún ní,
"ó ń jẹ uyán. Jẹ́ kó jẹ ẹ́ tán."

N kò mọ èsì tí wọ́n ń fọ̀ sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.
Omi ń ya nínú gọ́tà,
ó ń lọ síbi tó máa ń lọ.
Mo ní, "Ẹ kú òjò."

Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, pẹ̀lú ìgbọ̀nrìrì rẹ̀,
Kòkànmí gbó lẹ́ẹ̀kan:
ó fẹ́ mọ ẹni tí mo ń kí.